Àlejò Márùn-ún Láti Àárín Òkun

Ogun tí ènìyàn bá rí lójúkojú, àdá ni à ń nà sí i. Ṣùgbọ́n ogun tí wọ́n bá ti ní olófòófó wà nínú rẹ̀, ojú ẹni tó jókòó tini ni à ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú Ugbonla rí lọ́dún náà, ọdún kẹjọ tí àwọn òyìnbó Èkó ti kéde pé àwọn ló ni etí òkun, tí wọn kò sì tíì rán ẹyọ ṣọ́jà kan wá wò ó.

Ọjọ́ kọkànlélógún rèé tí Kọ́lájọ ti dí ọ̀nà omi. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú tó bí Kọ́lájọ. Ó kàn kó àwọn oníbọn jọ ni, ó ri òpó igi mọ́ ẹnu odò tó lọ sí ilẹ̀ òkè, ó kọ́ odi sí etí rẹ̀, ó ní ọkọ̀ kankan kò ní kọjá àfi bí Ugbonla bá gbà láti máa sin òun. Odò yìí ni omi mímu ń gbà wá, òun ni pupuru àti iṣu ń gbà wá. Ẹja wà o, ṣùgbọ́n ẹja nìkan kò tó jẹ, omi iyọ̀ kò sì ṣe é mu. Òjò ni wọ́n ń gbé ìkòkò dè, òjò náà sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, Jọọlá, olórí ogun, kó ọkọ̀ mẹ́wàá jáde ní ìdájí láti lọ fa àwọn òpó náà tu. Àwọn olóyè ogun nìkan ló mọ̀ sí i. Síbẹ̀, wọn kò tíì rí òpó kan tí ìbọn fi dún láti inú igbó etí odò. Ọkùnrin méje ni kò bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo ilé: ta ló sọ fún Kọ́lájọ?

Mùínátù mọ̀ pé ojú wà lára òun. Oníṣòwò ẹní ni, opó ni, Ìmàle ni, ará Èkó ni bàbá tó bí i. Ó sì ti ta ẹní fún Kọ́lájọ rí, nígbà tí Kọ́lájọ kò tíì di ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Bó bá dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Bó bá kí wọn, wọ́n á jẹ́ ẹ, wọ́n á sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń wá ẹrẹ̀ odò Kọ́lájọ níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kọkànlélógún yẹn, Fágbèmí wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Fágbèmí ni ọ̀gá ọkọ̀ ogun kejì, àbúrò rẹ̀ sì wà nínú àwọn méje tí kò bọ̀.

"Ìgbìmọ̀ ń pè ọ́," ó wí. Kò kí i.

Orí òpó ni gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ wà, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Bí Mùínátù ti ń gun àkàsọ̀, ó gbọ́ tí àwọn ọmọ ogun ń ki Jọọlá:

"Ọmọ atẹ́ní sórí ìgbì,
Ọmọ òkun ń ru, wọn ò ká ẹní!"

Jọọlá jókòó láàárín, ọkùnrin gíga, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Olówòkéré, àgbà ilé Jọọlá, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Lórí ilẹ̀ níwájú wọn ni àwọn àlejò márùn-ún wà, wọ́n fi okùn so ọwọ́ wọn: obìnrin kan àti ọkùnrin mẹ́rin, dúdú bíi tiwa, aṣọ òyìnbó tó ti gbó lọ́rùn wọn, ètè wọn ti là nítorí oòrùn.

"Mùínátù," ni Jọọlá wí, "wọ́n ní o gbọ́ èdè Àgùdà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, olórí ogun. Ilẹ̀ Bùràsíìlì ni wọ́n bí Gàfárù bàbá mi sí, kó tó padà sí Èkó. Èdè yẹn ló fi ń bá wa wí nílé."

"Àwọn ará abúlé Abereke mú àwọn wọ̀nyí létí òkun lánàá. Ìwọ ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ wọn wá fún wa. Ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ búra."

"Mo fi Kùráánì búra pé—"

"Kùráánì rẹ kò mọ̀ wá!" Fágbèmí já lù ú. "Fi Ayélála búra. Ayélála kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí i. Mùínátù rántí bàbá rẹ̀, bí ó ṣe máa ń sọ pé ẹnu tó ti pe Ọlọ́run, kó má tún pe ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ó gbé orí sókè.

"Ọlọ́run Ọba ni mò ń sìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé irọ́ wá síbí, kí ẹ fi mí lé Ayélála lọ́wọ́. N kò ní bẹ̀bẹ̀."

Olówòkéré mi orí. "Ó tó. Ẹni tó gbà kí a fi òun lé e lọ́wọ́ ti búra."

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ló ń dáhùn. Ó ní Filípa ni orúkọ òun, Ansẹ́mù ọmọ òun ni èyí tó ga jù nínú àwọn ọkùnrin náà. Ó ní erékùṣù kan wà láàárín òkun tí wọ́n ń pè ní Pirinsipe, pé oko kòkó òyìnbó ni àwọn ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Pé òyìnbó ní kò sí ẹrú mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lọ, wọ́n á nà án padà. Àwọn jí ọkọ̀ onígbòkun kan, ọjọ́ mọ́kànlá ni àwọn lò lórí omi.

Mùínátù ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fágbèmí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú.

"Ọjọ́ mọ́kànlá! Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún wọ́n pa wá. Lọ́jọ́ ogún, àlejò dé. Kọ́lájọ ló rán wọn láti wá ka ìkòkò omi wa. Ẹ jẹ́ kí a parí ọ̀rọ̀ yìí kí omi tó fà."

Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní kí a ṣe sùúrù. Bí wọ́n ti ń jiyàn, Mùínátù kíyè sí nǹkan kan. Kì í ṣe ẹnu òun ni obìnrin náà ń wò. Ẹnu Fágbèmí ni. Bí Fágbèmí bá sọ ọ̀rọ̀ líle, ojú obìnrin náà á ti yí padà kí òun tó túmọ̀ rẹ̀.

Ó tẹ orí ba, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ ní èdè wa: "Ejò kan ń bọ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ."

Filípa fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kíá.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀! Mùínátù la ẹnu láti kígbe, ó sì tún pa á dé. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á pa àwọn márààrún kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá sọ ọ́, tí wọ́n bá sì jẹ́ amí lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ìlú wà lọ́rùn òun, àti ìbúra tí kò tíì gbẹ lẹ́nu òun.

"Ẹ jẹ́ kí n fún wọn lómi díẹ̀," ó wí fún Jọọlá. "Ọ̀nà ọ̀fun wọn ti gbẹ, ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara mọ́."

Jọọlá gbà. "Títí oòrùn yóò fi yẹ̀ sí apá òkun. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbìmọ̀ yóò dájọ́."

Ahéré ìyanja kan ni wọ́n tì wọ́n mọ́. Mùínátù gbé agbè wọlé, ó jókòó ti Filípa, ó sọ ọ́ ní èdè wa láìfi epo bọ iyọ̀:

"Ta ló kọ́ ọ ní èdè yìí? Má purọ́ fún mi. Ọrùn mi wà lórí igi kan náà pẹ̀lú tìrẹ."

Filípa mu omi kó tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà tìkọ̀, bíi ti ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́; ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn arúgbó etí òkun, ti àwọn tí Mùínátù bá láyé nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé ọkọ.

"Ìyá ìyá mi ló kọ́ mi. Ó ní etí òkun kan wà tí ilé máa ń dúró lórí ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú wa, tí mo gbọ́ èdè náà lẹ́nu wọn, ẹ̀rù bà mí. Àwọn tó ń sọ èdè yìí ló ta ìyá ìyá mi. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn pé mo gbọ́?"

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Adétutù. Ó máa ń ki ara rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́." Obìnrin náà pa ojú dé, ó sì kì í, jẹ́jẹ́:

"Ọmọ atẹ́ní sórí ìgbì,
Ọmọ òkun ń ru, wọn ò ká ẹní.
Ẹ̀gbọ́n tà mí ra àgbá,
Ìgbì ló gbé mi sùn."

Mùínátù mọ̀ ọ́n. Oríkì ilé Jọọlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlà méjì tó gbẹ̀yìn, kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu akígbe kankan. Àgbá ńlá kan, ìbọn ogun onírin, sì wà ní imú ọkọ̀ Jọọlá, èyí tí bàbá rẹ̀ rà, tí wọ́n fi ń pe ilé wọn ní alágbára.

Síbẹ̀ ìfura kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Oríkì kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Kọ́lájọ lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá jẹ́ Kọ́lájọ, ó wí nínú ara rẹ̀, ohun tí màá ṣe gan-an nìyẹn.

Ó lọ bá Olówòkéré nínú ilé. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹnì kan wà nínú ilé yín rí tó ń jẹ́ Adétutù?"

Bàbá náà ń gba àwọ̀n lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ìgbàwọ̀n bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló pe orúkọ yẹn létí rẹ?"

Mùínátù sọ ohun tó gbọ́ fún arúgbó náà. Ó na ọwọ́ kí Mùínátù gbé òun dìde, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ títí dé ahéré náà, ó dúró níwájú Filípa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Ìka ọwọ́ mélòó ni ìyá ìyá rẹ ní?"

Filípa gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó na gbogbo ìka. Lẹ́yìn náà, ó ká ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ dé ààbọ̀.

Arúgbó náà jókòó sínú eérú ìyanja.

"Okùn ọkọ̀ ló gé e," ó wí. "Èmi ni mo di okùn náà mú. Àbúrò bàbá Jọọlá ni Adétutù. Wọ́n sọ fún ìlú pé omi ló gbé e lọ níbi tó ti ń fọ agbada. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ òyìnbó dé. Mo bá wọn ru ẹ̀tù wálé." Ó gbá Mùínátù lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, pa á mọ́. Bí àwọn ọmọ ogun bá gbọ́ pé ilé tó ń ṣíwájú wọn ta ọmọ tirẹ̀, ta ni yóò wọ ọkọ̀ lẹ́yìn Jọọlá lọ́la?"

"Bàbá, bí mo bá pa á mọ́, wọ́n á pa obìnrin yìí. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn."

Arúgbó náà tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀, ìgbìmọ̀ pé. Fágbèmí ti pọ́n àdá rẹ̀ wá. Mùínátù dìde.

"Olórí ogun, obìnrin yìí gbọ́ èdè wa."

Ariwo sọ. "Mo wí bẹ́ẹ̀!" ni Fágbèmí ké.

"Ó gbọ́ ọ nítorí pé ọmọ ọmọ Adétutù ni, àbúrò bàbá yín. Òkun kọ́ ló gbé Adétutù. Bàbá yín ló fi í ra àgbá."

Jọọlá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó dìde. Etí àdá rẹ̀ kan ọrùn Mùínátù. "Kọ́lájọ ló kọ́ ọ ní èyí! Èló ló fún ọ, ìwọ obìnrin yìí?"

"Ẹ bi Olówòkéré, àgbà ilé yín."

Olówòkéré fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀.

"Jọọlá, sọ àdá kalẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ó lé ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Òótọ́ ló sọ."

Àdá náà kò tètè sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, Jọọlá kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó ń wo omi. Ẹ̀rù ohun tí àwọn ọmọ ogun yóò rò ń bà á, gbogbo ènìyàn sì rí i. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le.

"Ẹ̀jẹ̀ kì í sọ pé ẹni kò lè jẹ́ amí. Lọ́la, a kò ní gba odò. A ó wọ́ ọkọ̀ gba orí iyanrìn Abereke bọ́ sí òkun, a ó wọlé sí Kọ́lájọ lẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ tó la òkun kọjá ni yóò di ìdí ọkọ̀ mi mú. Ìyá yóò dúró síbí bí ohun ìdógò. Bí ọmọ bá dà wá, a ó pa ìyá."

Filípa kò dúró de ìtumọ̀. Ó dáhùn fúnra rẹ̀, ní èdè àwọn arúgbó:

"Ẹ ti fi obìnrin kan dógò rí ní ilé yìí. Èmi kò ní jókòó dógò. Bí ọmọ mi bá wọ ọkọ̀, mo wọ ọkọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pa mí níbí, ẹ lọ wá ẹni tí yóò tukọ̀ fún yín."

Àwọn ọmọ ogun wo ara wọn. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ ilé yẹn ni lóòótọ́."

Ní kùtù ọjọ́ kejì, igi róbótó ni wọ́n tò sórí iyanrìn, wọ́n ń yí ọkọ̀ mẹ́jọ lórí rẹ̀. Mùínátù wà pẹ̀lú wọn, nítorí pé Ansẹ́mù kò gbọ́ èdè wa tó ìyá rẹ̀, ogun kò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ní ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí omi, Ansẹ́mù wo ìgbì, ó wo imú ọkọ̀ Jọọlá, ó sọ̀rọ̀, ó sì tún un sọ.

"Ó ní ọkọ̀ ọ̀sà ni èyí, kì í ṣe ọkọ̀ òkun," ni Mùínátù wí. "Ó ní àgbá yẹn wúwo jù. Bó bá wà ní imú ọkọ̀, ìgbì kẹta yóò tẹ̀ wá rì."

"Ẹ gbọ́!" Fágbèmí fò síwájú. "Ó fẹ́ gba àgbá lọ́wọ́ wa kó tó fà wá lé Kọ́lájọ lọ́wọ́! Kí lẹ tún ń wá?"

Àwọn ọkùnrin dúró. Kódà Mùínátù wo ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ń wá irọ́ níbẹ̀. Àárẹ̀ nìkan ló rí.

"Ṣé bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn?" ni Jọọlá bi í.

"Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni."

Jọọlá gbé ọwọ́ lé àgbá náà. Irin rẹ̀ ti ń dán níbi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ àti ọwọ́ tirẹ̀ ti ń dì í mú. Ó wo Filípa, tó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò wo ibẹ̀ rárá.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀," ó wí.

Ọkùnrin mẹ́wàá ló gbé e. Ó rì sínú iyanrìn dé ààbọ̀.

Ìgbì kìíní gbá wọn lójú. Ìkejì gbé wọn sókè bí ìgbà tí akọ màlúù bá fi ìwo gbé igbá. Ní ìkẹta, Ansẹ́mù kígbe, gbogbo àjẹ̀ wọnú omi lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ náà sì là á kọjá. Mùínátù rántí ìkẹta yẹn títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ti ìjà náà kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Gbogbo ìbọn Kọ́lájọ ló kọ ojú sí odò. Nígbà tí wọ́n fi yí i padà, Ugbonla ti wà nínú odi. Kọ́lájọ bẹ́ sómi, kò jáde mọ́. Ọkùnrin mẹ́ta ló kú nínú tiwa, àti ọ̀kan nínú àwọn àlejò, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè orúkọ rẹ̀.

Fágbèmí fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀kan nínú àwọn oníbọn náà láàyè. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wá? Dárúkọ rẹ̀!"

Ọkùnrin náà ń wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. "Kò sẹ́ni tó sọ. Ojoojúmọ́ ni à ń rí èéfín ìyanja yín. Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìdájí yẹn, a kò rí èéfín. Kọ́lájọ ní ẹni tó bá pa iná oúnjẹ rẹ̀, ibì kan ló ń lọ."

Fágbèmí tú u sílẹ̀. Òun ló pàṣẹ kí àwọn obìnrin pa iná nírọ̀lẹ́ náà, kí ọ̀tá má bàa rí ìmúra ogun. Ó jókòó sí etí ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, kò sì sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ omi àti ọkọ̀ pupuru dé láti òkè. Àwọn obìnrin kan wá sọ ẹja síwájú ilé Mùínátù láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì lọ. Ó gbà á. Kò tíì dárí jì wọ́n tán.

Ní ìyálẹ̀ta, Olówòkéré ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún Filípa ní àgbàlá Jọọlá. Jọọlá jókòó síbẹ̀. Arúgbó náà bi Filípa léèrè pé:

"Ìyá ìyá rẹ nìkan kọ́ ni wọ́n kó lọ. Ṣé ó ka àwọn yòókù fún ọ?"

"Ó kà wọ́n fún mi. Àwọn kan kú sí oko, àwọn kan ní ọmọ, àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀ dòní. Ó ní kí n má gbàgbé orúkọ wọn, nítorí pé òyìnbó yí gbogbo rẹ̀ padà."

"Kà wọ́n."

Filípa bẹ̀rẹ̀. Ó ń pe orúkọ, ó ń pe ibi tí olúkúlùkù ti wá, Ugbonla, Molutehin, Abereke. Nígbà tó pe ìkarùn-ún, obìnrin kan lẹ́bàá ògiri ní, "Ilé wa nìyẹn," ó sì bú sẹ́kún. Ìròyìn kárí. Àwọn tó ń já pupuru sọ ọ́ sílẹ̀. Àgbàlá kún, àwọn mìíràn dúró nínú ọkọ̀ lábẹ́ ilé, wọ́n gbé etí sókè sí àlàfo pákó. Àwọn tó ti fura sí Filípa dúró pẹ̀lú àwọn tí kò fura, wọ́n ń retí orúkọ.

"Moríkẹ́," ni Filípa wí. "Abereke ni wọ́n ti jí i gbé, níbi tó ti ń ṣa ìkarahun. Ó bí ọmọ mẹ́ta."

Èrò pín sí méjì. Fágbèmí ló ń gba àárín wọn bọ̀, ẹni tí kò jáde síta láti ọjọ́ ogun. Ó dé iwájú ẹní náà, ó wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Bàbá tó bí i fi ogún ọdún wá Moríkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá náà, káàkiri gbogbo ẹnu odò, orúkọ yẹn náà ló pè kẹ́yìn kó tó kú.

"Ìyá," ó wí fún obìnrin tó ti fẹ́ pa, "ẹ dákun, ẹ tún orúkọ yẹn pè."